Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà: Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ẹ̀tanú wa dájọ́

Sí Ọlọ́lá,
Mínísítà fún Ètò Ìbánisọ̀rọ̀, Ìmọ̀ Tuntun àti Ọrọ̀-Ajé Orí Ayélujára,
Àbújá.

Ọlọ́lá jùlọ,

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn yín kò kéré, pàápàá lákòókò yìí tí ayé ń sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ AI, tí a ò sì fẹ́ kí orílẹ̀-èdè wa jókòó sẹ́yìn. Ní 2024 ni iléeṣẹ́ yín gbé àkọsílẹ̀ ètò orílẹ̀-èdè lórí AI jáde fún aráàlú láti kà. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin ààbò dátà. Ẹni tó bá ní ìjọba ò ṣe nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Báǹkì, ọ́fíìsì ìjọba, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, àwọn tó ń gbani síṣẹ́, gbogbo wọn ló ti ń gbé ìdájọ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú, ẹ̀rọ kì í gba rìbá, ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ta ni ọ́. Ọlọ́lá, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó kọ́ṣẹ́ lára ènìyàn á kọ́ ẹ̀tanú ènìyàn mọ́ iṣẹ́ náà. Èyí tó wá burú jù ni pé, bí ẹ̀tanú bá ti gba inú ẹ̀rọ jáde, kì í sí ẹni tó ń bá a jiyàn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Mo sin ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó nílùú Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní àfi kí kámẹ́rà fóònù kọ́kọ́ dá ojú màmá mọ̀ kí owó tó lè jáde. Ọmọbìnrin tó wà lórí kántà dárúkọ màmá kí wọn, ó tún béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sókè. “Mọ́mì, ẹ wo ibí. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ yí orí díẹ̀ sí ọ̀tún.” Ẹ̀rọ kọ̀. Màmá tú gèlè, ẹ̀rọ kọ̀. Ọmọ náà fún wọn ní bébà pé kí wọ́n nu páúdà ojú wọn, ó sún wọn sẹ́bàá fèrèsé, ó tún mú wọn jáde sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Pàbó ló já sí. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí wọ eegun: “Mọ́mì, èmi mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ̀ yín.” Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé ná.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ọ̀gá kan níbẹ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sanwó fún màmá. Ohun tí ọ̀gá yẹn ṣe, ọmọ orí kántà náà ì bá ti ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. N kò bá a wí. Bó bá tẹ̀lé ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ṣìnà, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Bó bá tẹ̀lé ojú ara rẹ̀, tí ó ṣìnà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àléébù méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ẹ̀rọ tí kò mọ ojú dúdú, àti ti ènìyàn tó gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Ti ojú dúdú ti wà lákọsílẹ̀. Ní 2018, obìnrin méjì, Joy Buolamwini tó jẹ́ ọmọ àwọn ará Gánà àti Timnit Gebru tí wọ́n bí ní Ethiopia, dán ẹ̀rọ tó ń wo ojú ènìyàn wò, ti Microsoft, IBM àti Face++. Wọ́n kó àwòrán àwọn aṣòfin 1,270 jọ láti Rwanda, Senegal, South Africa, Finland, Iceland àti Sweden, wọ́n ní kí ẹ̀rọ sọ èwo ni ọkùnrin, èwo ni obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀rọ tó burú jù kò kọjá 0.8 nínú 100. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7 nínú 100. Ní ọdún kejì rẹ̀, NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, yẹ ẹ̀rọ 189 tó ń dá ojú mọ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ti Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni ẹ̀rọ ti ń ka ẹnìkan sí ẹlòmíràn jù, ìyàtọ̀ náà a sì máa tó ìlọ́po 10 sí 100. Àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà kò sì ní ìṣòro yìí lórí ojú àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ojú tí wọ́n bá fi kọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ á mọ̀.

Ọlọ́lá, ẹ fara balẹ̀ wo àbọ̀ NIST yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú dúdú kan àti òmíràn lè dá ìyá arúgbó padà lónìí, kí ó sì ṣílẹ̀kùn fún olè lọ́la lórúkọ ìyá náà.

Mi ò rò pé ẹnì kan jókòó ní Amẹ́ríkà tó ní òun fẹ́ fi ìyà jẹ màmá wa. Ìtẹ̀sí ọkàn ló fà á, ìyẹn ọ̀nà tí ọpọlọ ènìyàn máa ń gbà sáré parí èrò. Ohun tó bá wà nítòsí wa, tí a ń rí lójoojúmọ́, la máa ń rò pé ó wọ́pọ̀ láyé. Àwọn tó kó àwòrán jọ kó èyí tó wà nítòsí wọn, wọ́n sì rò pé ayé ni àwọn kó. Ẹ̀rọ gba àṣìṣe yẹn, ó sọ ọ́ di òfin.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ìṣe tó ti kọjá. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tó máa ń gé apá aṣọ kù, òun náà á máa gé apá aṣọ kù. Ohun tó rí ló kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ kan ní 2014 tí yóò máa ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, tí yóò sì máa fún wọn ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún. Ìwé ọdún 10 sẹ́yìn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ máàkì ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Wọ́n tún un ṣe títí, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n pa á tì. Iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters ló tú u síta ní oṣù Kẹwàá, 2018. Bí Amazon pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀ bá lè bọ́ sínú kòtò yẹn, àwọn tó ń yá ìyálọ́jà lówó lórí fóònù níbí ńkọ́?

Èyí tó kan àwa gan-an ni ti físà Ìlú Ọba. Láti 2015 títí di 2020, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà ní Lọ́ńdọ̀nù, lo ẹ̀rọ kan tó ń pín àwọn tó tọrọ físà sí mẹ́ta bí iná ojú títì: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá wà lára ohun tí ẹ̀rọ ń wò. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fura sí, wọn ò sì jẹ́ kí aráyé rí i. Mi ò ní sọ pé Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an ni pé ẹni tí wọ́n kọ̀ kò ní bí yóò ṣe mọ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe ń yí po. Fọ́ọ̀mù dé iwájú òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ pupa lára. Kó tó ṣí i, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹni yìí fẹ́ tan òun. Ìwé báǹkì tí ì bá fojú ire wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò sí i lára. Lẹ́tà ìkésíni tí ì bá gbà, ó ní kò dá òun lójú. Ẹni tó bá ń wá àléébù kò ní ṣàìrí i. Ó kọ̀ ọ́. Kíkọ̀ yẹn wọnú kọ̀ǹpútà, ó di dátà, dátà náà ni wọ́n sì tún fi ń jẹ́rìí pé àwọn ará orílẹ̀-èdè yẹn léwu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, pupa tún pọ̀ sí i. Ìfura bí ìkọ̀sílẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ wá ń bọ́ ìfura.

Olùbẹ̀wò àgbà tí ìjọba wọn fúnra wọn yàn ti kìlọ̀ ní 2017 pé ẹ̀rọ tó yẹ kó kàn máa ṣèrànwọ́ lè di ẹni tó ń ṣèpinnu. Wọ́n ṣì ń lò ó lọ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ JCWI àti Foxglove wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ ni wọ́n tó jí. Ní oṣù Kẹjọ, 2020, kí adájọ́ tó jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, Home Office ní àwọn ò lò ó mọ́. Ọdún márùn-ún ti lọ. Ta ni yóò dá ìsìnkú tí ẹnìkan ò lè lọ padà fún un, tàbí ìgbéyàwó ọmọ tí ìyá ò lè dé?

Mo bọ́ sórí àléébù kejì, èyí tí mo rò pé ìjọba wa ò tíì kà sí tó. Gbogbo ìgbà tí a bá ráhùn, èsì kan náà la máa ń gbọ́: “Ẹ má bẹ̀rù, ènìyàn ló ń parí rẹ̀.” Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì láti Ísírẹ́lì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, kọ̀wé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe. Wọ́n yí àgbá kan tó ní nọ́ńbà 0 sí 100 lára níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n wá bi wọ́n pé: ìdá mélòó nínú 100 lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló jẹ́ ti Áfíríkà? Àwọn tí àgbá dúró sórí 10 lójú wọn, ìdáhùn agbedeméjì wọn jẹ́ 25. Àwọn tí àgbá dúró sórí 65 lójú wọn, tiwọn jẹ́ 45. Kí ni àgbá mọ̀ nípa Áfíríkà? Gbogbo wọn ló rí i tó ń yí. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí ojú kọ́kọ́ rí ti so ọkàn mọ́lẹ̀.

Bí àgbá lásán bá lè ṣe èyí, kí ni máàkì tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, tí ọ̀gá fọwọ́ sí, tí wọ́n fi owó gọbọi rà, yóò ṣe sí ọmọ orí kántà tí èrò tò síwájú rẹ̀? Ní Ìlú Ọba yẹn kan náà, láàárín 1999 sí 2015, àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900, nítorí kọ̀ǹpútà Horizon tí Fujitsu ṣe ní owó kù lọ́wọ́ wọn. Horizon kì í ṣe AI rárá, ẹ̀rọ ìṣirò ni. Ìgbàgbọ́ tí àwọn ọ̀gá àti adájọ́ ní nínú ẹ̀rọ ló rán aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó di 2024 kí ilé aṣòfin tó ṣòfin láti wẹ̀ wọ́n mọ́, àwọn kan sì ti kú kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ wá wo òfin tiwa. Abala 37 nínú òfin ààbò dátà 2023 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ pé kí ìdájọ́ tó jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló dá a má ṣe de òun, bí ìdájọ́ náà bá kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ tàbí ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n bí màmá bá gbé ẹjọ́ lọ, wọ́n á ní ẹ̀rọ nìkan kọ́, ọmọbìnrin kan wà lórí kántà. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Kí ló ṣe? Ó ka ohun tí ẹ̀rọ wí sí wa létí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tó láti sọ pé ènìyàn ló dájọ́, abala 37 kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ yìí ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń fi ChatGPT ṣe ìwádìí. Lára bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹ̀rọ yẹn ni pé ènìyàn á ka èsì méjì, á mú èyí tó wù ú. Ọmọ aráyé a sì máa fẹ́ràn ẹni tó bá gbè é lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti kọ́ ìpọ́nni. Ní oṣù Kẹrin, 2025, OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn yọ àtúnṣe kan kúrò lára ẹ̀rọ wọn GPT-4o láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí ó ti ń pọ́n àwọn tó ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá tó ti pinnu kó tó béèrè, tó wá ń sọ ní ìpàdé pé ẹ̀rọ gbà pẹ̀lú òun, ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́.

Ẹlòmíràn á ní ènìyàn náà ń ṣojúsàájú, ẹ̀rọ ṣì sàn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ta ni nínú wa ni òṣìṣẹ́ kan ò tíì fojú ẹ̀yà tàbí ojú aṣọ wò rí? Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ aláìdára kan, kántà kan ló ń bàjẹ́. Ènìyàn lè lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà lórí gbogbo kántà láti Sókótó dé Calabar lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní rẹ̀ sì ni pé a lè wọn ẹ̀tanú rẹ̀, ohun tí a ò lè ṣe fún ọkàn ènìyàn. Lẹ́yìn tí àbọ̀ Buolamwini àti Gebru jáde, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ẹ̀rọ wọn ṣe, àṣìṣe lórí obìnrin dúdú sì lọ sílẹ̀ gan-an. Torí pé ẹnì kan yẹ̀ wọ́n wò ni wọ́n ṣe tún un ṣe. Nítorí náà, Ọlọ́lá, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Ẹ̀kíní, kí ọ́fíìsì ìjọba kankan má ṣe ra ẹ̀rọ tó ń ṣèpinnu lórí ọmọ ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti dán an wò níbí, lára àwa fúnra wa: arúgbó, ẹni tó kọlà, obìnrin tó wé gèlè, èyí tó lo híjáàbù, ará oko tí kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ti há. Kí wọ́n sì gbé èsì jáde fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìyá arúgbó bá jẹ́ 5 nínú 100, ẹ̀rọ lè kọ gbogbo wọn tán kí ẹni tó ń tà á ṣì máa fi 95 yangàn. Kí ẹ sì bi olùtajà pé: ìpinnu ta ni ẹ fi kọ́ ẹ̀rọ yìí, lọ́dún wo, nílùú wo?

Ẹ̀kejì, èyí ló jẹ mí lógún jù. Níbi tí ènìyàn bá ti ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kí òṣìṣẹ́ kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí máàkì ẹ̀rọ. Kí àkọsílẹ̀ wà nípa iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ẹ̀rọ yapa. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò yapa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ènìyàn níbẹ̀. Kí ẹ sì fi òfin dáàbò bo ọmọ iṣẹ́ tó bá sọ pé, “Mo mọ ẹni yìí, ẹ̀rọ ló ṣìnà,” kó má baà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un lédè tó gbọ́, kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìpinnu náà sì wà lórí ìwé.

Ẹ̀kẹrin, kí àjọ tó ń mójú tó ààbò dátà sọ ọ́ ní gbangba irú ènìyàn tí abala 37 ń sọ: ẹni tó ní àṣẹ láti yí ìpinnu padà, tó sì ní àkókò láti gbọ́ tẹnu aráàlú.

Ọlọ́lá, mo fi ọ̀wọ̀ ṣe ìkìlọ̀ yìí. Ní Netherlands, àjọ agbowó-orí fi ẹ̀rọ wá àwọn tí wọ́n rò pé wọ́n ń fi èrú gba owó ìtọ́jú ọmọ. Kí ènìyàn má jẹ́ ọmọ onílẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ fura sí i, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò sì mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi fura. Wọ́n ní kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí dá owó padà, ọ̀pọ̀ wọn wọ gbèsè tí wọn ò lè jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, gbogbo ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kìíní, 2021. Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́. Àwọn mínísítà ni aráàlú pè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, òfin sì ti wà nílẹ̀. Ẹ pe àwọn báǹkì, àwọn ayánilówó àti àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba jókòó, kí ẹ gbé ohun mẹ́rin yìí síwájú wọn, kí ẹ sì fún wọn ní gbèdéke. Àwa ará ìlú ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ọmọ Nàìjíríà kan,
Ìbàdàn.